Ọ̀rá Tí Ilẹ̀ Ẹ̀gbá Lè Jẹ



Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹni tó bá gba Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta kọjá á rí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí àgbàrá wọ́ jọ sójú gọ́tà, tó ń wá ọ̀nà dé odò Ògùn. Ewé ẹ̀kọ tí wọ́n jù sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà ò ní pẹ́ di erùpẹ̀. Ọ̀rá yẹn á wà níbẹ̀ títí ọmọ tó mu omi inú rẹ̀ á fi dàgbà. Kí ló dé tí ilẹ̀ fi jẹ ọ̀kan, tó fi èkejì sílẹ̀?

Àwọn tó ń jẹun nínú ilẹ̀ ni ká kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ bu erùpẹ̀ oko ẹ̀kúnwọ́ kan: bakitéríà àti àwọn ẹbí olú tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju gbogbo èèyàn ayé lọ. Wọn ò ní ẹnu. Oje kan tí a ń pè ní ẹ́ńsáìmù ni wọ́n ń tu sórí oúnjẹ. Oje yìí á gé e sí wẹ́wẹ́, wọn á wá fà á sára. Àmọ́ oríkèé tí ẹ́ńsáìmù kọ̀ọ̀kan mọ̀ nìkan ló ń gé.

Awọ tó ń dán lára ewé, tí kì í jẹ́ kí omi dúró lé e, ohun tí a ń pè ní pọliẹ́sítà ni. Igi fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ẹbí olú ti ń gé oríkèé rẹ̀. Ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ bá fi pọliẹ́sítà tó rọ̀ ṣe kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ rárá. Ní 1977, Tokiwa àti Suzuki ní Japan fi hàn pé ẹ́ńsáìmù tó ń gé òróró lè gé irú pọliẹ́sítà bẹ́ẹ̀. Àwọn bakitéríà kan tiẹ̀ ń ṣe pọliẹ́sítà pa mọ́ sínú ara wọn, bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sínú àká; Maurice Lemoigne ló rí i ní Paris ní 1926. Ike mínírà náà jẹ́ pọliẹ́sítà, ṣùgbọ́n ó le débi pé ẹ́ńsáìmù inú ilẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ̀ ọ́.

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ńkọ́? Pọ́líẹ́tílíìnì ni. Kábọ̀nù so mọ́ kábọ̀nù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí oríkèé kankan tí àwọn ẹ́ńsáìmù yìí mọ̀.

Bí ẹ bá hú ọ̀rá pọliẹ́sítà tí ilẹ̀ ti ń jẹ jáde, dídán rẹ̀ á ti lọ, ojú rẹ̀ á rí ṣákiṣàki, òwú funfun tín-ín-rín ti àwọn ẹbí olú á nà lé e, ihò wẹ́wẹ́ á sì wà lábẹ́ òwú náà. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Zurich sàmì sí kábọ̀nù inú irú ọ̀rá tí àgbẹ̀ fi ń bo ebè, wọ́n sì fi í sínú erùpẹ̀. Wọ́n rí kábọ̀nù náà nínú afẹ́fẹ́ tí erùpẹ̀ mí jáde, wọ́n tún rí i nínú ara àwọn ẹbí olú. Ó ti di ẹran ara wọn! Inú mi dùn gidigidi sí iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n ń kọ sára ọ̀rá. Èyí tí wọ́n ń pè ní PLA, tí wọ́n ń fi ṣúgà àgbàdo ṣe, tí a lè fi ẹ̀gẹ́ tiwa náà ṣe, ń fẹ́ ooru tó súnmọ́ 60°C kó tó jẹrà kíákíá. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní oko Ọ̀dẹ̀dá, kò ní gbóná tó bẹ́ẹ̀. Òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ àti ìgbẹ́ adìẹ tí wọ́n ń bomi rin, tí wọ́n ń tú, lè gbóná tó bẹ́ẹ̀. Òmíràn tún wà tó jẹ́ pọ́líẹ́tílíìnì tí wọ́n fi èròjà sí kó lè tètè gbó. Wẹ́wẹ́ lásán ló ń dà. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de irú rẹ̀ ní 2019.

FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wa, ti wà láàárín wa láti 1988, àwọn tó mọ ilẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí oníṣòwò má ta ọ̀rá fún wa ní ọjà Kútọ̀ pé ó ń jẹrà, àfi tí wọ́n bá ti dán an wò nínú erùpẹ̀ Ẹ̀gbá, ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì wọn afẹ́fẹ́ tó bá jáde, nítorí ojú lásán ò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá tó jẹrà àti èyí tó kàn fọ́.