Ẹlẹ́rìí Inú Ẹ́ńjìnnì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, 'Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.' Kì í ṣe ààfin ọba nìkan ni òwe yìí ti wúlò; ó wúlò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ pẹ̀lú.

Afẹ́fẹ́ àti epo bẹntiróòlù ni oúnjẹ ẹ́ńjìnnì. Bí a bá fi ìwúwo wọ̀n wọ́n, afẹ́fẹ́ ìwọ̀n 14.7 ni ó yẹ kí ó pàdé epo ìwọ̀n 1, kí méjèèjì tó lè jóná tán. Nínú ọkọ̀ Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní 1975, kabúrétọ̀ ni ó sábà máa ń pò wọ́n pọ̀. Mẹkáníìkì yóò yí síkúrù kékeré kan, yóò sì tẹ́tí sí ohùn ẹ́ńjìnnì títí yóò fi balẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí ó pọ̀ jù lára àwọn tòkunbọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà kékeré ni ó ń bu epo.

Kọ̀ǹpútà yìí ni adájọ́. Kò lójú, kò létí. Ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀, èyíinì ni àwọn sẹ́ńsọ̀, bá wí ni ó fi ń dájọ́. Méjì nínú wọn ni ọ̀rọ̀ òní kàn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, èkínní wà lẹ́yìn fíltà afẹ́fẹ́: wáyà tín-ín-rín tí iná mànàmáná ń mú gbóná ni. Afẹ́fẹ́ tí ń kọjá a máa mú un tutù. Iye iná tí ó nílò láti gbóná padà ni ó ń sọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó wọlé. Èkejì wà lójú ọ̀nà èéfín, ó ń yẹ ọ́síjìn tí ó ṣẹ́kù nínú èéfín wò.

Ká ní ọkọ̀ olùkọ́ kan ń gbọ̀n, tí ó sì ń kú nígbàkígbà tí ó bá dúró ní oríta. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọ P0171, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Wọ́n ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tuntun. Ọkọ̀ kò yéé gbọ̀n. Wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, pàbó ni. Owó oṣù ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí wọ́n lé lọ kò purọ́. Róbà tí ó so fíltà pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì ni ó ti sán. Afẹ́fẹ́ ń gba ojú ibẹ̀ wọlé láìkọjá lọ́dọ̀ ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní. Àlejò tí ó fo ògiri wọlé, ta ni yóò kà á? Bí ọkọ̀ bá dúró, afẹ́fẹ́ tí ó nílò kéré, èyí tí ó jí wọlé sì hàn. Bí awakọ̀ bá tẹná, èyí tí ó gba ojú ọ̀nà pọ̀ gidigidi, gbígbọ̀n náà a sì dínkù. Àmì pàtàkì nìyẹn.

Nítorí náà, ohun tí kò ná ni lówó ni kí á fi ṣíwájú. Ẹ yẹ fíltà wò, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tẹ róbà ńlá àti kékeré síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ẹ wo ojú ìṣẹ́po wọn. Lẹ́yìn náà, bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fín omi ọṣẹ díẹ̀ sí oríkèé róbà, kí ó má kan wáyà iná. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi bẹntiróòlù ṣe é. Iná lè sọ.

Ìgbà náà ni ó tó kan sẹ́ńsọ̀. Oògùn tí wọ́n ṣe fún un ni kí á fín sí i, kí ó sì gbẹ dáadáa. Ìka tàbí aṣọ kò gbọdọ̀ kan wáyà rẹ̀. Bí a bá yọ okùn iná rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì ṣe dáadáa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó di ẹni ìfura. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ìdájọ́.

Àmì tí ẹ̀rọ kọ ń sọ àìsàn. Kò dárúkọ ọ̀daràn. Ẹ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín pé ìbéèrè ni ó ń ṣáájú owó.