Ta Ló Ti Èrò Ọkọ̀ Síwájú?

Dánfó kan ń sáré bọ̀ láti Ọjọ́ta. Kẹ̀kẹ́ márúwá já sí i níwájú lójijì, dẹ́rẹ́bà tẹ bíréékì mọ́lẹ̀, orí àwọn èrò ẹ̀yìn sì lọ sọ mọ́ àga iwájú. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì pé ta ló tì wọ́n. Ọ̀pọ̀ á dáhùn pé ipá kan ló tì wọ́n síwájú. Wọ́n lè ka òfin Newton mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni ń ki oríkì, síbẹ̀ ìdáhùn yẹn kò tọ̀nà. Kí àwọn olùkọ́ tó jókòó síhìn-ín má bínú: àkàsórí ni wọ́n fi kọ́ wọn.

Kò sẹ́ni tó tì wọ́n. Ọkọ̀ ni bíréékì mú, kò mú èrò. Ohun tó bá ti ń lọ á máa lọ tààrà ní eré kan náà, àfi bí ipá kan bá dá a dúró tàbí tó yí i padà. Òfin kìn-ín-ní nìyẹn, bí Isaac Newton ṣe gbé e kalẹ̀ nínú Principia, ìwé tó fi èdè Látìn kọ, tó jáde ní 1687. Èrò tó forí sọ àga kò dá àṣà tuntun kankan. Eré tó ti ń bá bọ̀ láti Ọjọ́ta ló ń bá lọ.

Inú òfin kejì ni ìṣirò wà. Bí nǹkan bá ṣe wúwo tó, tí a sì fẹ́ kí eré rẹ̀ yí padà kíákíá tó, bẹ́ẹ̀ ni ipá tó máa gbà ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ká ní táyà dára, ọ̀dà gbẹ, bíréékì sì lè sọ eré 100 di 75 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan á ṣì rìn tó mítà 20 kó tó dúró. Tó bá ń sá 120 ńkọ́? Ọ̀pọ̀ á ní 40. Rárá o, 80 ni! Eré di ìlọ́po méjì, ọ̀nà di ìlọ́po mẹ́rin. A ò sì tíì ka mítà 33 tí ọkọ̀ á ti gbà kọjá, bí ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́ kó tó kan bíréékì.

Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, ga tó mítà 105. Bí a bá yọwọ́ atẹ́gùn kúrò, ohun tó bá já bọ́ láti òrùlé rẹ̀ á fi eré tó lé ní 160 balẹ̀. Àwọn kan ń sá eré yẹn lójú pópó, tí wọ́n tún fi ọwọ́ kan gbé fóònù sétí.

Ní 1959, Nils Bohlin, ẹnjiníà ará Sweden tó ti ṣiṣẹ́ rí lórí àga tó ń ta awakọ̀ òfuurufú jáde nínú bàálù, ṣe bẹ́líìtì tó di ènìyàn mú lójú mẹ́ta fún ilé iṣẹ́ Volvo. Ohun tí bẹ́líìtì ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ìdúró náà já luni lójijì. Ẹ mú ẹni kìlógíráàmù 60 nínú ọkọ̀ tó ń sá 72. Bí ó bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá dúró, ipá tó bà á tó ìwúwo ènìyàn 20 bíi tirẹ̀. Bó bá jẹ́ dáṣíbọọ̀dù ló dá a dúró ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó di ènìyàn 200.

Òfin kẹta ló ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ jù. Bí tírélà tọ́ọ̀nù 30 bá kọlu mọ́tò tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀, ipá tí tírélà fi gbá mọ́tò ni mọ́tò náà fi gbá tírélà; kò lé, kò dín. Ara ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ipá méjèèjì bà, wọn ò lè pa ara wọn rẹ́. Ṣùgbọ́n ìyípadà eré mọ́tò á jẹ́ ìlọ́po 20 ti tírélà, ibẹ̀ sì ni ìyà ti já lé ẹni tó fúyẹ́.

Ìyá tó gbé ọmọ sórí itan níwájú ọkọ̀ máa ń ní òun di ọmọ òun mú dáadáa. Ọmọ kìlógíráàmù 8, eré 72, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá: ohun tí apá ìyá yẹn máa dì mú lójijì wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lọ. Ẹ gbé ọmọ sẹ́yìn, kí ẹ sì dè é mọ́ ìjókòó ọmọdé.