Ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé Tó Lọ Tọ́jú Ọgbẹ́ Lójú Ogun

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní Ìlàjẹ, Bàrígà)

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tó bá rí wa nínú aṣọ ẹgbẹ́ lónìí lè rò pé ijó nìkan la mọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ju aṣọ lọ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ rán ara wa létí ìtàn ọ̀dọ́ kan.

Isaac Fadoyebo ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ sójà lọ́dún 1942, nígbà ogun Hítílà. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú ni wọ́n kọ́ ọ nínú iṣẹ́ ológun: bí a ṣe ń fọ ojú ọgbẹ́, bí a ṣe ń dì í, bí a ṣe ń ṣaájò ẹni tí kò lè dìde. Ó bá àwọn sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ Bọ́mà.

Ní oṣù kẹta ọdún 1944, lẹ́bàá odò Kaladan, àwọn sójà Jàpáànù já lu ikọ̀ ìtọ́jú náà lójijì. Ìbọn ba Isaac lẹ́sẹ̀ àti níkùn. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kú síbẹ̀. Ọmọ tó wá tọ́jú ẹlòmíràn ló wá di ẹni tó nílò ìtọ́jú, kò sì sí oníṣègùn kankan nítòsí. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, tí òun náà fara gbọgbẹ́, ni wọ́n kù sínú igbó.

Àgbẹ̀ kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, Shuyiman, ló gbà wọ́n. Ó bọ́ wọn, ó sì fi wọ́n pamọ́. Bí àwọn Jàpáànù bá mọ̀, òun àti ìdílé rẹ̀ gbé. Bíi oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà báyìí kí àwọn sójà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó rí wọn ní oṣù Kejìlá 1944.

Isaac padà sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó gbé ní Èkó wa níbí, ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1999. Ní 2011, oníròyìn Barnaby Phillips mú lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìdílé Shuyiman ní Bọ́mà. Shuyiman fúnra rẹ̀ ti kú kí lẹ́tà náà tó dé. Isaac náà dolóògbé ní 2012.

Kí ni èyí kàn wá ní Ìlàjẹ? Òkú ò mọye à ń ràgọ̀. Ẹgbẹ́ púpọ̀ ń dá owó aṣọ ìsìnkú kíákíá, ṣùgbọ́n bí ọ̀kadà bá gbá ènìyàn lójú títì, fóònù ni wọ́n ń yọ láti fi ya fídíò. Shuyiman ní tirẹ̀ fún Isaac lóúnjẹ, ó sì fi í pamọ́.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí owó ọdún kẹwàá yìí kọ́kọ́ ra àpótí ìtọ́jú fún ilé ẹgbẹ́, kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ pinpin, kí ẹlòmíràn pe 112 tàbí 767. Bákan náà, kí ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ lọ Bọ́mà mú orúkọ rẹ̀ wá, ká kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ kó má baà parẹ́.

Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ rẹ̀. A ò ní fi ara gbọgbẹ́, a ò sì ní ṣàìrí ẹni tọ́jú wa.