Ohun Tí À Ń Dà Nù ní Ajégúnlẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ sọ)

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó pa ohun ọ̀gbìn, ohun ọ̀sìn àti àyíká pọ̀ ṣọ̀kan. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín sínú: àgbẹ̀ wo ló wà ní Àpápá, níbi tí ọkọ̀ tírélà kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rí ibi tẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ wa. Adìẹ ni ẹlòmíràn fi owó tirẹ̀ sìn lẹ́yìnkùlé, ẹlòmíràn ń sin ẹja àrọ̀ nínú táǹkì, àwọn kan ń sin ẹlẹ́dẹ̀, àwọn ìyá wa kan sì ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí etí kánáàlì. Bí ẹ bá bi àwọn tí ẹ̀yáwó wọ̀ lọ́rùn, owó oúnjẹ ọ̀sìn ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ mú yín dé Àjàṣẹ́.

Àjàṣẹ́ ni àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Bí a bá kọjá Àgbádárìgì, tí a kọjá Sẹ̀mẹ̀, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀. Ní ọdún 1985, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà tí ó ti ṣe olùkọ́ yunifásítì ní Kalifóníà, gba ilẹ̀ hẹ́kítà kan níbẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ilẹ̀ náà ti ṣá. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ jọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Songhai, orúkọ ilẹ̀ ọba àtijọ́ tí ó wà lẹ́bàá odò Ọya. Lónìí, àwọn ènìyàn ń ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà kò sì gbẹ́yìn.

Kí ni wọ́n ń ṣe tí a kò mọ̀? Kò pọ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀bá ààtàn ni í so jù. Ohun tí Songhai ṣe ni pé wọn kò jẹ́ kí ohunkóhun dé ààtàn lásán. Ìgbẹ́ ẹran ń lọ sínú ihò tí a dé pa tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Bí ó ti ń jẹrà ni ó ń mú gáàsì jáde, wọ́n sì ń fi gáàsì náà dáná. Èyí tí ó ṣẹ́kù di ajílẹ̀. Wọ́n ń tẹ́ ìfun àti ìdọ̀tí ibi ìpẹran kí eṣinṣin lè yé sí i. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ìdin ti kún un, ẹja àti adìẹ sì ń jẹ ìdin náà. Omi ẹja tí ó ti dọ̀tí ni ẹ̀fọ́ ń mu. Ẹ̀fọ́ tí kò ṣeé tà, ó di ti ẹran.

Àní koríko orí omi, èyí tí òdòdó rẹ̀ rí bí àlùkò, tí ó ń dí ọkọ̀ àwọn apẹja lọ́nà ní ọ̀sà wa! Láti ìhà Àjàṣẹ́ yìí kan náà ni ó ti gba omi Àgbádárìgì wọ Nàìjíríà ní 1984. A gé e títí, a bú u títí, kò lọ. Ní Songhai, wọ́n ń fi í sínú omi ìdọ̀tí kí ó lè fa ìdọ̀tí náà mu, wọ́n á sì tún fi òun náà ṣe ajílẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ti ìpàdé yìí lọ kó koríko kánáàlì sórí ebè o. Ohun tí ó bá wà nínú omi ni koríko yẹn ń fà mu, òjé pẹ̀lú. Nínú kánáàlì tiwa, omi ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀, epo mọ́tò wà níbẹ̀, omi bátìrì wà níbẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí a ń bu omi náà rin ń mu nínú rẹ̀. Ṣíṣan ewé kò lè mú ohun tí ó ti wọ inú rẹ̀ kúrò, sísè kì í pa òjé, ọpọlọ ọmọdé ni òjé sì ń bà jẹ́ jù. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà létí kánáàlì, mo mọ̀ pé owó ilé-ìwé ọmọ yín ni ẹ̀fọ́ yẹn. N kò wá sọ pé kí ẹ fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ ni pé kí ẹ̀yáwó tí ó ń bọ̀ kọ́kọ́ ra àpò, ilẹ̀ tí ó mọ́ àti dúrọ́ọ̀mù omi òjò fún wọn, kí ẹ̀fọ́ náà lè kúrò létí kánáàlì wá sínú ọgbà.

Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ adìẹ yóò ti wúlò. Bí a bá dà á tútù sídìí ẹ̀fọ́, yóò jó o. Ẹ kó o jọ sórí ibi gíga, kí ẹ bò ó, nítorí ẹ mọ bí omi ṣe ń wọlé bá wa ní Ajégúnlẹ̀ nígbà òjò. Ó di ìgbà tí kò bá gbóná mọ́ nínú kí a tó lò ó. Ẹ̀yin ẹlẹ́dẹ̀, tí àwọn aládùúgbò ń fi òórùn sùn lójoojúmọ́, ẹ tẹ́ èérún igi tí ó gbẹ sábẹ́ ẹran yín, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Òórùn yóò dínkù, èérún náà yóò sì di ajílẹ̀.

Ní ti gáàsì, èmi kò rò pé ibẹ̀ ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ihò rẹ̀ ń fẹ́ ààyè, a kò sì ní ààyè. Ìdin ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ibì kan ṣoṣo ni kí a ti ṣe é, kí ó jìnnà sí ilé ìdáná, nínú agbada tí ó ní ìdérí, kí a sì máa kó o kí ó tó di eṣinṣin. Bí a bá jẹ́ kí ó di eṣinṣin, àdúgbò ni yóò lé wa.

Ọ̀rọ̀ èérí kù. Láti 1962 ni Flour Mills ti ń lọ àlìkámà ní Àpápá níbí, èérí àlìkámà sì jẹ́ oúnjẹ ẹran. Kí ni a fi ń rà á ní kọ́ńgò kọ́ńgò lọ́wọ́ alágbàtà, nígbà tí ẹgbẹ́ lè fi owó kan ṣoṣo ra ọkọ̀ kan?

Inú ọgbà kan ni Songhai ti ń ṣe tiwọn. Tiwa yóò máa gba ilé dé ilé, nítorí náà ó nílò ìwọ̀n àti ìwé. Akọ̀wé ti fa ojú ewé mẹ́ta: ẹni tí ó ní ìgbẹ́, ẹni tí ó ń fẹ́ ẹ, àti ẹni tí ó ní ààyè tí a lè kó o jọ sí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó jáde, ẹ kọ orúkọ yín, kí ẹ sì kọ iye àpò tí ẹ ń kó dànù lọ́sẹ̀ kan.