Àìsàn Mẹ́ta, Ikùn Kan: Oúnjẹ Ẹni tí Ṣúgà Ara Rẹ̀ Ń Já Wálẹ̀ Lẹ́yìn Oúnjẹ

 

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹnìkan tó fi búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe oúnjẹ àárọ̀. Ó yó, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Nígbà tó fi máa tó wákàtí mẹ́ta, òógùn ti bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, òòyì ń kọ́ ọ, ebi sì ń pa á bí ẹni tí kò jẹun láti àná. Àwọn kan á ní ibà ni, àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Òun alára á sáré ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò mìíràn, ara á balẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, ó tún dé.

Kí ló fà á? Bí oúnjẹ bá ti dà, ó ń di ṣúgà, ṣúgà náà á sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní insulin ló ń mú kí iṣan àti ẹ̀dọ̀ gba ṣúgà yìí sára. Bí ṣúgà bá ya wọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, insulin lè tú jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Ó sì lè pẹ́ kó tó dé, kó wá máa ṣiṣẹ́ nígbà tí oúnjẹ ti tán. Ìgbà náà ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, láàárín wákàtí 2 sí 5 lẹ́yìn oúnjẹ. Ó lè ṣe ẹni tí àtọ̀gbẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ wọ̀ lára. Ó lè ṣe ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún nínú ikùn, nítorí oúnjẹ ń yára bọ́ sínú ìfun rẹ̀. Ó sì ń ṣe àwọn mìíràn tí a kò rí ìdí kan pàtó fún.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ọdún 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ fi insulin tọ́jú alátọ̀gbẹ. Ní 1924, Seale Harris, dókítà kan ní ìlú Birmingham ní ìpínlẹ̀ Alabama, kọ̀wé nípa àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́ insulin rí, síbẹ̀ tí ara wọn ń ṣe bíi ti ẹni tó gbà á jù. Oúnjẹ ló fi tọ́jú wọn.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé òun ní in, àyẹ̀wò ló kàn. Allen Whipple, oníṣẹ́ abẹ kan ní New York, ti fi ohun mẹ́ta lélẹ̀ láti àwọn ọdún 1930: kí àmì hàn lára, kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní àkókò náà gan-an fi hàn pé ṣúgà ti lọ sílẹ̀, kí àmì náà sì lọ nígbà tí ṣúgà bá padà sípò. Fún ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ, ohun tí àwọn dókítà sábà máa ń wò ni kó wà nísàlẹ̀ 55 mg/dL. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọwọ́ wọn ń gbọ̀n tí ṣúgà wọn kò sì lọ sílẹ̀ rárá. Ó lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀, àìsàn ọkàn, tàbí àníyàn. Tó bá sì jẹ́ pé lóru, tàbí kí ènìyàn tó fẹnu kan nǹkan, ló ń ṣe é, kì í ṣe irú èyí tí à ń sọ. Kó tètè lọ rí dókítà.

Níbi oúnjẹ, a kò ní kí ẹnikẹ́ni pa àmàlà tì. Òkèlè ló yẹ kó kéré, kí ọbẹ̀ pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja, kí òkèlè tẹ̀ lé e. Ẹ fi mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ̀kọ, ẹ má fi ṣúgà nìkan mu ògì. Ẹ jẹ ọsàn fúnra rẹ̀, ẹ fi omi ọsàn inú páálí sílẹ̀. Gààrí tútù tó kún fún ṣúgà, tí kò ní ẹ̀pà tàbí ẹja, wàhálà ló ń dá sílẹ̀. Ẹ jẹun díẹ̀díẹ̀, ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn. Ní ti ọtí líle, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1977 fi hàn pé jíìnì tí wọ́n fi ohun mímu oníṣúgà lú máa ń fa ìjáwálẹ̀ yìí ju ohun mímu oníṣúgà nìkan lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí: àìsàn kì í sábà dá nìkan wá. Ẹni tó ní àìsàn mẹ́ta, ikùn kan ló ní. Oúnjẹ tó ń tọ́jú ọ̀kan kò gbọdọ̀ pa èkejì lára. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà níbẹ̀, ẹ̀pà oníyọ̀, ẹja oníyọ̀ àti magí púpọ̀ kò dára. Iyọ̀ tí àjọ WHO fọwọ́ sí fún àgbàlagbà kò tó gràmù 5 lóòjọ́. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, bíi propranolol, sì lè bo gbígbọ̀n ọwọ́ àti lílù àyà mọ́lẹ̀, kó ku òógùn nìkan. Bí kíndìnrín bá ti rẹ̀, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀pà àti ẹja tí mo ń yìn wọ̀nyí lè di ẹrù fún un. Dókítà ni yóò sọ ìwọ̀n. Alátọ̀gbẹ tó ń lo insulin tàbí glibenclamide gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fura sí oògùn rẹ̀, kó má sì dá a dín kù fúnra rẹ̀. Ti ọgbẹ́ inú rọrùn díẹ̀, nítorí oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ bá àwọn méjèèjì mu. Ata àti òróró ni kí ó dín kù. Ẹni tó bá ń gba ààwẹ̀, kó má fi ohun mímu aládùn ṣínu lásán; kó fi ẹ̀wà sí sààrì rẹ̀.

Bí ìjáwálẹ̀ ṣúgà yìí bá mú ènìyàn lójijì, ẹ po ṣíbí tíì 4 ṣúgà mọ́ omi fún un, nǹkan bíi gràmù 15. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15. Bí ara bá ti balẹ̀, kó jẹ mọ́ínmọ́ín tàbí ẹyin, nítorí ṣúgà nìkan yóò tún fà á lulẹ̀. Bí ó bá ti dákú, ẹ má ki nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ, àkókò tí ẹ jẹ ẹ́ àti àkókò tí ara yí padà sínú ìwé kékeré kan. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú àpò kan, kí ẹ gbé méjèèjì lọ sọ́dọ̀ dókítà kan náà, kó lè wo gbogbo àìsàn yín pọ̀.