Ta Ló Ń Ṣe Kín Ni Nínú Fíìmù Ìjà?



Gbogbo wa la mọ ákítọ̀, akọni fíìmù, a sì mọ bọ́ọ̀sì, òṣìkà tó ń bá a jà. Ọmọdé tí kò mọ orúkọ òṣèré kankan á ti nawọ́ sí ákítọ̀ kí fíìmù tó lọ jìnnà, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pé ákítọ̀ kì í kú. Báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n? Kì í ṣe aṣọ tàbí ẹwà ojú ló ń wò. Ohun tí oníkálukú ń ṣe nínú ìtàn ló ń wò.

Vladimir Propp, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ló la ọ̀nà yìí fún wa nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní Leningrad ní 1928. Ó mú àlọ́ 100 láti inú àkójọ àlọ́ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí Afanasyev ṣe, ó tú wọn palẹ̀ bí alápatà ṣe ń tú ẹran ní oríkèé-oríkèé, ó sì rí i pé àwọn ènìyàn inú wọn ń yí padà ṣùgbọ́n ìṣe wọn kì í yí. Ọba lè fún ẹnìkan ní ẹṣin, ìyá arúgbó inú igbó lè fún ẹlòmíràn ní òrùka; ìṣe kan náà ni. Irú ìṣe bẹ́ẹ̀ 31 ló kà. Ipò méje ló sì pín wọn fún: òṣìkà, ẹni tó ń fúnni ní ohun agbára, olùrànlọ́wọ́, ọmọbìnrin ọba àti baba rẹ̀, ẹni tó ń ránni níṣẹ́, akọni, àti akọni èké tó ń du ògo tí kì í ṣe tirẹ̀. Àlọ́ nìkan ni Propp ń sọ. Àwọn tó kà á lẹ́yìn tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1958 ló gbé e wọ inú sinimá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á to ipò méjèèje sílẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sí iwájú rẹ̀, wọ́n á ní ó parí. Propp kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan lè ṣe iṣẹ́ ipò mẹ́ta, ènìyàn mẹ́ta sì lè pín ipò kan ṣe. Àwa tí a ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fagunwa kọ ní 1938 mọ èyí dáadáa: ọba rán Àkàrà-oògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó, Kàkò, Ìmọ́dòye, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn yòókù sì bá a lọ, tẹni tọgbọ́n, tẹni tagbára; gbogbo wọn ló pín ipò olùrànlọ́wọ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a mú Raiders of the Lost Ark, tí Steven Spielberg darí ní 1981. Ọdún 1936 ni ìtàn náà wáyé. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun Amẹ́ríkà wá bá Indiana Jones ní yunifásítì tó ti ń kọ́ni, wọ́n ní àwọn ọmọ ogun Hitler ń wá Àpótí Májẹ̀mú. Ó gbà láti lọ. Irin róbótó kan tó yẹ kó wà lórí ọ̀pá ni yóò fi ibi tí Àpótí wà hàn, ọwọ́ Marion ló sì wà, obìnrin tó ń ta ọtí ní Nepal. Ẹ wo ohun tí Marion ṣe nígbà tí Indiana wọlé: ẹ̀ṣẹ́ ló kọ́kọ́ fún un. Nínú àlọ́ Propp, ẹni tó ní ohun agbára gbọ́dọ̀ dán akọni wò kó tó fún un; ẹ̀ṣẹ́ yẹn ni ìdánwò ti Marion.

Toht, ìkà ará Jámánì, kò ní sùúrù fún ìdánwò kankan. Ó ki ọwọ́ bọ iná láti já irin náà gbà. Ó jó o, ojú irin kan sì hàn ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Inú àpá yẹn ni àwọn Jámánì ti rí ìwọ̀n ọ̀pá tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà lójú kejì: kí wọ́n dín gígùn ọ̀pá náà kù. Nítorí pé wọn kò rí i, ọ̀pá wọn gùn jù, ibi tí kò sí nǹkan ni wọ́n sì ń gbẹ́ ní Tanis, ìlú àtijọ́ ní Íjíbítì tí wọ́n ti ń wá Àpótí. Mi ò tíì rí fíìmù tó fi iṣẹ́ ẹni tó ń fúnni ní ohun agbára hàn kedere tó bẹ́ẹ̀: ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn láìkọjá lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, ìdajì ló gbà.

Ohun tí wọ́n wá fi Marion ṣe lẹ́yìn náà dùn mí. Ní Nepal, òun ló ni ohun agbára, òun náà ló yìnbọn gba Indiana lọ́wọ́ ikú. Nígbà tí òun àti Indiana dé Cairo, àwọn ọ̀tá gbé e sá lọ nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n wọ̀ ọ́ ní aṣọ funfun nínú àgọ́ Belloq, abánidíje Indiana tó ń bá àwọn Jámánì ṣiṣẹ́, wọ́n dè é mọ́ òpó. Òótọ́ ni pé ó gba ìbọn inú ọkọ̀ òfurufú kan, ó sì lé ọmọ ogun sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ kò jìnnà. Ìwà rẹ̀ kò yí padà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn tó kọ ìtàn gbà, wọ́n fi ti ọmọbìnrin ọba nìkan sílẹ̀ fún un.

Belloq ńkọ́? Bọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Èmi ò gbà. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ní Peru, ère wúrà tí Indiana fi ẹ̀mí wéwu kó tó rí ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìparí, ó gbé aṣọ àlùfáà wọ̀ láti ṣí Àpótí tí ẹlòmíràn wá rí. Akọni èké ni, iná Àpótí ló sì tú u fó.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ bi mí léèrè rẹ̀ báyìí ni ẹni tó ránni níṣẹ́. Nínú àlọ́, ọba á san ẹ̀san. Níhìn-ín, ìjọba Amẹ́ríkà gba Àpótí, wọ́n kọ̀ láti sọ ibi tó wà fún ẹni tó bá wọn wá a, wọ́n kàn án mọ́ inú pákó, wọ́n gbé e pa mọ́ sáàárín ẹgbàágbèje àpótí pákó bíi tirẹ̀. Òṣìkà inú ìtàn ti jóná tán nígbà náà, síbẹ̀ ẹnìkan ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.