Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Wa àti Owó Ẹgbẹ́: Bí Táyà Ṣe Lè Pẹ́ Lọ́wọ́ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń fi ọkọ̀ kó kòkó sọ níbi ìpàdé àwọn aṣojú)

 

Akọ̀wé wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí táyà. Ẹlòmíràn lè máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni táyà ní í ṣe pẹ̀lú alájẹṣẹ́kù. Ó kàn wá púpọ̀. Nínú owó tí ẹgbẹ́ ń yá wa, apá kan ń lọ sórí ọkọ̀, táyà sì wà lára ohun tí ń jẹ owó ọkọ̀. Bí táyà tí ó yẹ kí ó lo ọdún mẹ́ta bá kú ní oṣù mẹ́wàá, ta ni yóò san owó tí a yá?

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2022, mo yá owó ẹgbẹ́, mo fi ra táyà tòkunbọ̀ méjì sí ẹ̀yìn ọkọ̀ mi. Wọ́n dúdú, wọ́n ń dán, ilà ojú wọn sì jìn. Ẹni tí ó tà wọ́n fún mi búra pé bíi tuntun ni wọ́n. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ọ̀kan fi bẹ́ ní ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Ọkọ̀ ya wọ igbó, kòkó fọ́n ká, apá ọmọkùnrin tí ń wa ọkọ̀ náà sì dá. Apá náà ti san, ṣùgbọ́n kò lè nà án tán mọ́ títí di òní. Gbèsè ẹgbẹ́ kò sì bá táyà lọ. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi san án.

Ẹni tí ń lẹ táyà ní àdúgbò wa ni ó fi ohun tí n kò mọ̀ hàn mí. Lára táyà, ẹ ó rí lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin sì wà ní ìparí rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe táyà náà, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Tèmi kà báyìí: 2314. Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014! Táyà ọdún mẹ́jọ ni mo fi owó ẹgbẹ́ rà. Rọ́bà a máa gbó, bí ó tilẹ̀ jókòó lásán nínú ṣọ́ọ̀bù. Oòrùn àti ooru a máa gbẹ ẹ́ títí yóò fi là wẹ́wẹ́. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó a máa kìlọ̀ pé kí a má lo táyà ju ọdún mẹ́rin lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é.

Kí ni ó wá ń pa táyà tuntun?

Èkíní, afẹ́fẹ́. Bí kò bá tó, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú táyà ni yóò jẹ. Ara rẹ̀ yóò máa tẹ̀ bí ó ti ń yí, yóò sì gbóná. Ooru yìí ni ó ń mú un bẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, àárín ni yóò jẹ. Iye tí ó yẹ ọkọ̀ yín wà lára bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Èyí tí a kọ sára táyà fúnra rẹ̀ ni òpin ohun tí ó lè gbà. Ẹ má fi ṣe ìwọ̀n. Ní òwúrọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn. Ẹ má fi ẹsẹ̀ ta á kí ẹ wí pé ó ti tó.

Èkejì, ẹrù. Owó àpò márùn-ún tí a dì lé ọkọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, táyà ni yóò gbà á padà.

Ẹ̀kẹta, kòtò ojú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá ti já sí kòtò, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wọ́. Táyà yóò máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ gbé e lọ fún aláínmẹ̀ǹtì kíákíá. Bí ojú táyà bá sì jẹ ní ibi yìí, tí kò jẹ ní ibi tí ó tẹ̀ lé e, ẹ yẹ ṣọ́ọ̀kì wò.

Ẹ̀kẹrin, ọwọ́ awakọ̀. Eré àsápajúdé àti bíréèkì òjijì a máa fá ojú táyà.

Ẹ̀karùn-ún, àìpààrọ̀. Táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í jẹ bákan náà. Ní ìrìn 8,000 sí 10,000 kìlómítà, ẹ fi wọ́n pààrọ̀ ara wọn.

Ilà ojú táyà tuntun a máa jìn tó bíi mìlímítà 8. Nígbà tí ó bá ku 1.6, ó ti parí. Òkè kékeré wà nínú àwọn ilà náà. Bí ojú táyà bá ti jẹ dé ibẹ̀, ẹ yọ ọ́, nítorí kò lè di ojú ọ̀nà mú mọ́ bí òjò bá rọ̀.

Àbá mẹ́ta ni mo mú wá. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra géèjì kan, kí ó wà lọ́wọ́ Akápò, kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ní ọkọ̀ máa wọ̀n táyà rẹ̀ lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Kí a má yá ẹnikẹ́ni lówó táyà láìjẹ́ pé a kọ nọ́ńbà mẹ́rin yẹn sínú ìwé ìyáwó. Ẹ̀kẹta, kí àpapọ̀ ẹgbẹ́ wa máa ra táyà tuntun pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọdún 2007 tí Michelin ti ṣíwọ́ ṣíṣe táyà ní Port Harcourt, ojú òkun ni ọ̀pọ̀ táyà wa ń gbà wọlé. Bí a bá rà á pọ̀, a lè bẹ ọjọ́ orí rẹ̀ wò kí a tó sanwó.

Owó táyà tòkunbọ̀ dùn mọ́ mi lọ́jọ́ tí mo rà á. Ìgbẹ̀yìn ní í dun olókùú àdá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dun ẹlòmíràn nínú wa.